Àkànní, mo ti tú katakata Bàbá palẹ̀

Àkànní ọ̀rẹ́ mi,

O kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ìyàwó ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́, òtútù Coventry ńkọ́? Ó wù mí kí n pè ẹ́ lórí fóònù ṣùgbọ́n o mọ bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì oko ṣe ń ṣe, mi ò sì fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí já sáàárín. Jọ̀ọ́ kà á tán kó o tó pè mí.

Mo ti tú katakata Bàbá. Massey 135 Bàbá wa yẹn, èyí tí Bàbá yín máa ń tọ́jú, tó wà lábẹ́ máńgòrò látìgbà tí wọ́n ti papò dà. Mo rí nǹkan nínú ẹ̀ tó jẹ́ tiyín, àmọ́ jẹ́ kí n mú un látìbẹ̀rẹ̀ kó lè yé ẹ.

Lẹ́yìn ọdún tuntun ni Bọ̀ọ̀dá wa kó àwọn tó ń ra irin àlòkù wá láti Ìsẹ́yìn. Wọ́n ń yí i po, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ ta táyà ẹ̀, wọ́n ní àwọn á fi gáàsì gé e wẹ́wẹ́, àwọn á san owó ní kílò kílò. Kí wọ́n fi gáàsì gé e, Àkànní! Katakata tó tú ilẹ̀ tí wọ́n gbin àgbàdo sí tí wọ́n fi san owó sùkúù wa. Mo ní wọn ò ní gé e. Bọ̀ọ̀dá ní kí n má bínú, pé ẹ́ńjìnnì tó ti dákẹ́ irin lásán ni, pé tí òjò àkọ́rọ̀ bá fi rọ̀ tí kò tíì dún, òun á pè wọ́n padà. Ó sì máa pè wọ́n o, o mọ ìwà ẹ̀. Ojú ọ̀run ti ń ṣú nírọ̀lẹ́ báyìí, ọkàn mi ò balẹ̀ rárá.

Ohun tó pa á ò ju òjò lọ. O rántí pé sàláńsà ẹ̀ dúró lóòró ni, Bàbá yín kì í kúrò lóko láìfi agolo mílíìkì dé e lẹ́nu. Nígbà tí kò sẹ́ni tó ń dé e mọ́, omi gba ibẹ̀ wọlé, ó bá fáàfù tó ṣí sílẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n pa á kẹ́yìn, ó wọ inú sílíńdà kẹta, píńsìn ibẹ̀ gan pa. Títí di òní, tí Bàbá wa bá ti jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láàárọ̀, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń béèrè ni pé, "Ṣé ẹ ti bò ó lẹ́nu?" Wọ́n máa ń gbàgbé orúkọ àwọn ọmọ-ọmọ wọn, wọn ò gbàgbé agolo yẹn.

Iṣẹ́ ńlá ni o. Massey yẹn ò ní ṣáásì bíi mọ́tò, ẹ́ńjìnnì fúnra ẹ̀ ló so àásù iwájú mọ́ gíá, tó o bá fẹ́ yọ ọ́ àfi kó o pín katakata sọ́nà mẹ́ta. A fi ìtì igi gbé ìdí ẹ̀ ró, a so ṣéènì bọ́lọ́ọ̀kì mọ́ ẹ̀ka máńgòrò tó nípọn jù, a gbé e sókè díẹ̀díẹ̀, gbogbo ọmọ àdúgbò wá wòran. Píńsìn tó gan yẹn, a da dísù àti bíréèkì ọ́ìlì lé e lórí, a fi sílẹ̀ kó mu ún, a wá gbé pákó lé e, à ń fi òòlù lù ú jẹ́jẹ́. Nígbà tó máa mì, ó kàn dún "kíì" báyìí, mẹ́káníìkì wa ju òòlù sílẹ̀, ó ní, "Ògún, a dúpẹ́ o!" Ìpẹtà ti jẹ sílíìfù, irin tó wọ inú sílíńdà, ní ihò ihò, mo bá gbé bọ́lọ́ọ̀kì lọ Ìbàdàn, wọ́n tẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde, wọ́n tẹ tuntun wọlé, wọ́n gbẹ́ inú ẹ̀ dé 91.4 mm. Àràrọ̀mí ní Gate ni mo ti ra píńsìn àti ríńgì. Owó ẹ̀ dùn mí débi pé mi ò lè kọ ọ́ síbí.

(Àbúrò mi ti bí o, ọkùnrin ni, ìyá àtọmọ wà lálàáfíà. Tíránsífọ́mà àdúgbò wa ti bú. Ọ̀gá wa ní sùkúù ti joyè.)

Ìgbà tá a wá tú kọ̀ńrọ́ọ̀dù ni mo rí ohun àkọ́kọ́. Mo yí ẹ̀yìn bèrìn wò, mo rí 020 tí wọ́n lù sí i, àmì bèrìn tó nípọn ju ti kóńpìnnì lọ. Ìyẹn ni pé ẹnì kan ti tú ẹ́ńjìnnì yìí rí, ó ti gbé kráńkì ẹ̀ lọ gé. Àkànní, gbogbo ilé wa ló gbà pé wọn ò tú u rí látọjọ́ tí Bàbá ti rà á ní gbàǹjo nígbà OFN, Operation Feed the Nation ìjọba Ọbásanjọ́! Mo wá ń fi pẹtiróòlù fọ ìdérí táápẹ́ẹ̀tì, ọ́ìlì dúdú tó dì sínú ẹ̀ ń ṣí, ni mo bá rí ìwé tí wọ́n fi ìṣó họ sára irin: TAPPET 12 ENGINE TUTU. 1-2-3. Àlàfo fáàfù nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù nìyẹn, àti bí sílíńdà ṣe ń tẹ̀ léra ṣiná. Lábẹ́ ẹ̀, 1984. Ìwé Bàbá yín ni. Lẹ́tà G wọn yẹn tó máa ń nírù, bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ sára àpò àgbàdo, òun náà ló wà níbẹ̀.

Mo gbé e lọ bá Bàbá wa. Wọ́n fi ọwọ́ pa á títí, wọn ò sọ̀rọ̀. Nígbà tó yá wọ́n ní, "Ó ta máṣínnì ẹ̀."

Ìwọ náà rántí ọdún yẹn, àwọn ṣọ́jà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbàjọba, páàtì ò sí, owó ò sí, Bàbá yín bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ rìn wá oko, wọ́n sì sọ fún wa pé olè ló gbé máṣínnì lọ. Kò sí olè kankan. Bèrìn ni wọ́n fi owó ẹ̀ rà kí oko wa má bàa kú. Mo bi Bàbá wa bóyá wọ́n san án padà. Wọ́n ní, "A ò tíì parí ẹ̀ tó fi lọ." Wàá rí i báyìí ìdí tí Màmá yín kì í fi í jẹun ọdún nílé wa. Mo sunkún, mi ò ní parọ́ fún ẹ.

Wọ́n ti gé kráńkì kúrò ní 020 sí 030 báyìí. Lẹ́yìn 030 kò sí bèrìn fún un mọ́, torí náà iṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ dára. Okùn sílì ẹ̀yìn kráńkì ló kù tí mi ò rí ojúlówó rà níbí. Ilé iṣẹ́ Massey ní Banner Lane tó wà lọ́dọ̀ yín níbẹ̀ ni wọ́n ti to katakata yìí, mo mọ̀ pé wọ́n ti fi ilé gbígbé sí ojú ilẹ̀ iṣẹ́ náà, àmọ́ Peterborough tí wọ́n ti ń ṣe ẹ́ńjìnnì Perkins ò jìnnà sí yín, àwọn tó ń ta páàtì àtijọ́ á ní in. Sọ fún wọn pé AD3.152 ni, sílíńdà mẹ́ta. Tó o bá rà á, fi rán ẹnikẹ́ni tó bá ń bọ̀ wálé.

Ohun tí mo torí ẹ̀ kọ̀wé gan-an nìyí. Jọ̀ọ́, pe Bọ̀ọ̀dá. Èmi ò tíì sọ nǹkan kan fún un torí ẹ̀yin lẹ ni ọ̀rọ̀. Sọ fún un pé máṣínnì Bàbá yín wà nínú katakata yẹn, pé ẹ ní ìpín nínú ẹ̀, kò sì lè tà á láìbi yín. Tó bá gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ, á tì í lójú láti pe àwọn onírin. Kó o tó pè é, kọ́kọ́ bá Màmá sọ̀rọ̀. Èmi àti Bàbá wa fẹ́ wá kí wọn, Bàbá ní àwọn fúnra wọn máa wá, pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n yẹn, a máa gbé ìdérí náà dání kí wọ́n rí ìwé ọkọ wọn, a ò sì ní wá lọ́wọ́ òfo. Bá mi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ ká wọlé. Ọjọ́ tí wọ́n bá dá ni a máa wá.

Kí àwọn ọmọ fún mi.

Èmi ni,
Àlàó