Àjọkẹ́, tètè mójú tó owó ìfẹ̀yìntì rẹ

Àjọkẹ́ ọmọ mi,

A kú oríire iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí o rí. Ọ̀rọ̀ ìfẹ̀yìntì lè dà bí ohun tó ṣì jìnnà sí ọ, ṣùgbọ́n wàhálà tó ń bá ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ gba owó wọn, ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ló ti ń wá.

Ìwọ fúnra rẹ ni kí o yan PFA, ìyẹn ilé iṣẹ́ tó ń bójú tó owó ìfẹ̀yìntì, tí wàá ṣí àkáǹtì RSA, ìyẹn àkáǹtì owó ìfẹ̀yìntì rẹ, sí. Nọ́ńbà kan tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú PEN ni wọn yóò fún ọ. Òun náà ni wàá lò títí, bí o tilẹ̀ pààrọ̀ ibi iṣẹ́, nítorí náà má ṣe gba méjì láéláé. Wo orúkọ rẹ dáadáa. Bí àpẹẹrẹ, bí wọ́n bá kọ Shọlá sórí NIN, tí wọ́n kọ Sọlá sórí ìwé ìgbanisíṣẹ́, ìwé rẹ yóò há síbì kan nígbà tó bá yá. Ọjọ́ ìbí náà ńkọ́? Bákan náà ni. Tí o bá lọ́kọ, tí o fẹ́ máa jẹ́ orúkọ ọkọ, tún un ṣe níbi gbogbo pọ̀: NIN, BVN, ọ́fíìsì àti PFA.

Òfin owó ìfẹ̀yìntì ọdún 2014 ní kí wọ́n yọ ó kéré tán 8 nínú 100 lára basic (owó oṣù gan-an), housing (owó ilé) àti transport (owó ọkọ̀) rẹ, kí ìjọba fi 10 kún un. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá jẹ́ ₦200,000 lóṣù, tìrẹ jẹ́ ₦16,000, tìjọba jẹ́ ₦20,000. Ó yẹ kí ₦36,000 wọlé sí àkáǹtì. Gbé pay slip rẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ statement PFA, kí o sì kà wọ́n lóṣooṣù. Oṣù tí owó kò bá wọlé, kọ̀wé kíá, kí o sì tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀, torí èrè tí owó yẹn ì bá máa mú wá náà ń lọ ni.

Ní ti owó-orí, wọ́n gbọ́dọ̀ yọ ₦16,000 yẹn kúrò kí wọ́n tó ṣírò PAYE, ìyẹn owó-orí tí wọ́n ń yọ lára owó oṣù rẹ. Owó-orí kò sí lórí èrè inú àkáǹtì, kò sì sí lórí owó tí wàá gbà nígbà ìfẹ̀yìntì. Àmọ́ tí o bá fi owó àfínnúfíndọ̀ kún un, tí o sì yọ ọ́ kí ọdún 5 tó pé, wọn yóò gba owó-orí lórí èrè rẹ̀. Bí o bá mọ̀ pé o máa nílò owó náà láìpẹ́, má fi síbẹ̀.

Bí o bá pé ọmọ 60 ọdún tàbí tí o lo 35 ọdún lẹ́nu iṣẹ́, èyí tó bá kọ́kọ́ dé, wàá fẹ̀yìn tì. Má tìtorí owó gọbọi àkọ́kọ́ tí wọn yóò san fún ọ lẹ́ẹ̀kan bá ẹnikẹ́ni jà: bó bá ṣe pọ̀ tó ni owó ìfẹ̀yìntì tòṣooṣù yóò ṣe kéré tó. Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà san tòṣooṣù yìí. Nínú programmed withdrawal, PFA ni yóò máa san án, ohun tó bá sì ṣẹ́kù lẹ́yìn ikú di ti àwọn ajogún. Annuity ní tirẹ̀, ilé iṣẹ́ adójútòfò ló ń san án títí ọjọ́ ayé ẹni. Tí o bá ti ra annuity, kò sí pípadà sí ti àkọ́kọ́, nítorí náà má kánjú fọwọ́ sí i.

Ìwé ìhágún ńkọ́? Orúkọ tí o kọ sí next of kin nìkan kò tó láti gba owó yìí bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Wọn yóò béèrè ìwé ìhágún tàbí ìwé àṣẹ ilé ẹjọ́. Lọ bá agbẹjọ́rò kí ọdún yìí tó parí.

Èmi ni,
Ìyá rẹ