Lẹ́tà Sí Ọ̀rẹ́ Mi Nípa Amí Tí Kò Lè Sọ Tinú Rẹ̀

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Inú mi dùn pé ara rẹ ti yá, àti pé iṣẹ́ tuntun yẹn ti ń mọ́ ọ lára. Àwa náà wà lálàáfíà. Mi ò ní fi ìkíni fa ọ̀rọ̀ gùn lọ́tẹ̀ yìí, torí láti ìgbà tí mo ti ka ibi tí o ti kọ ọ́ pé o ti pa The Winner's Crime, ìwé kejì nínú ìtàn alápá mẹ́ta yẹn, dé, pé o ò sì ní fọwọ́ kan ìwé kẹta láéláé, ni mo ti ń bá ọ jiyàn nínú ọkàn mi. O ní ká ní Kestrel, ọmọ balógun ilẹ̀ Valoria, ti tètè la ẹnu sọ òtítọ́ fún Arin, ọmọ ilẹ̀ Herran tó fẹ́ràn, ni, gbogbo wàhálà ìyókù ì bá má ti ṣẹlẹ̀. O ní ṣe ni òǹkọ̀wé náà, Marie Rutkoski, mọ̀ọ́mọ̀ ń fi ìdákẹ́jẹ́ fa ìtàn gùn.

Ìwọ nìkan kọ́ lo sọ bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tí ìwé náà ti jáde ní 2015 ni ọ̀pọ̀ òǹkàwé ti ń ráhùn ohun kan náà. Àbúrò mi obìnrin tí mo yá ní tèmi bínú débi pé ó ń pariwo mọ́ Kestrel láàrin òru: "Sọ fún un! Sọ fún un!" Àwọn mìíràn, Arin ni wọn ò lè dárí jì. Wọ́n ní ọkùnrin tó mọ obìnrin kan tó bẹ́ẹ̀ kò yẹ kó gba irọ́ rẹ̀ gbọ́. Àwọn kan tún wà tó ní ìwé kejì kàn jókòó sáàárín ìwé kìíní ti 2014 àti ìwé kẹta ti 2016 ni, pé kò ní iṣẹ́ tirẹ̀. Mo ti gbọ́ gbogbo rẹ̀, mo sì tún ìwé náà kà látòkèdélẹ̀ nítorí rẹ. Ní báyìí, ó dá mi lójú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ pé ìdákẹ́jẹ́ tí ẹ ń bínú sí yẹn gan-an ni Rutkoski jókòó kọ̀wé lé lórí.

Rántí bí ìwé kìíní ṣe parí. Ọmọ ogun Valoria, ìjọba tó ti ṣẹ́gun Herran tẹ́lẹ̀, ti yí Herran tó dìtẹ̀ ká, ó ku díẹ̀ kí wọ́n pa ìlú náà run. Kestrel bá ọba ńlá Valoria dúnàádúrà: kí ó fún àwọn ará Herran ní òmìnira lábẹ́ àṣẹ rẹ̀, kí Arin sì di gómìnà wọn. Ohun tí ọba gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ni pé yóò fẹ́ Verex, àrẹ̀mọ òun. Arin kò mọ̀ pé ìgbéyàwó yẹn ni wọ́n fi ra ẹ̀mí òun. Bó bá mọ̀, ṣé o rò pé yóò jókòó tẹ́tẹ́rẹ́ kó máa ṣe gómìnà? Ìwọ náà mọ ọkùnrin yẹn. Yóò da àdéhùn náà nù lójú ẹsẹ̀, ogun yóò sì tún bẹ̀rẹ̀, ogun tí wọn ò lè borí. Irọ́ àkọ́kọ́ tí Kestrel pa fún un, ẹ̀mí odindi ìlú kan ló so mọ́ ọn.

Lẹ́yìn náà ló wá di amí. Ibí yìí ni mo ti fẹ́ràn ìwé kejì ju ti kìíní lọ, jẹ́ kí n sọ ọ́ gbangba. Nínú ìwé kìíní, Arin ni amí, òun ló wà nínú ilé ọ̀tá tó ń tẹ́tí sílẹ̀. Nínú ìwé kejì, Kestrel, ọmọ Balógun Trajan, ọmọ ẹni tó ṣẹ́gun Herran fún ọba, ló ń jí ọ̀rọ̀ àṣírí ààfin fún Tensen, bàbá àgbàlagbà ará Herran tí gbogbo ènìyàn rò pé mínísítà fún ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ lásán ni. Àfòpiná ni orúkọ àṣírí tí wọ́n ń fi pe Kestrel. Bí mo ṣe kà á báyìí ni òwe wa sọ sí mi lọ́kàn: àfòpiná tó lóun ó pa fìtílà, ara rẹ̀ ni yóò pa. Mo mọ̀ láti ibẹ̀ pé kò ní bọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà ní wọ́ọ́rọ́.

Kò sì sí idà nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ohun tó ń ṣe ni pé kó rẹ́rìn-ín níbi oúnjẹ, kó jó pẹ̀lú àwọn ìjòyè, kó gbọ́ gbólóhùn kan lẹ́nu ẹni yìí, kó fi wé òmíràn tó gbọ́ lẹ́nu ẹni yẹn. Báyìí ló ṣe rídìí ohun tó ń rẹ àwọn ará Herran láti inú wá: májèlé ni ọba fi sínú omi tí wọ́n ń mu, díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n lè kú tán láìsí pé ẹnikẹ́ni gbé idà sókè. Mo gbé ìwé náà sílẹ̀ fúngbà díẹ̀ nígbà tí mo dé ibẹ̀. Ọba tó fún ọ ní òmìnira ní gbangba, tó sì ń fi omi pa ọ́ ní kọ̀rọ̀!

Ọ̀rọ̀ ẹṣin yẹn ńkọ́? O kò mẹ́nu kàn án nínú lẹ́tà rẹ, ó sì yà mí lẹ́nu, torí níbẹ̀ ni Rutkoski ti fi hàn wá pé kò sí amí tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Wọ́n bi Kestrel léèrè nípa ogun tí Valoria ń bá ilẹ̀ Dacra jà. Ó ní kí wọ́n fi májèlé pa ẹṣin àwọn tó ń gbé ní pápá. Ìdí tó fi sọ bẹ́ẹ̀ ni kí wọ́n má baà dáná sun pápá náà pẹ̀lú àwọn ènìyàn inú rẹ̀. Ó fi ẹ̀mí ẹṣin gba ẹ̀mí ènìyàn là, àmọ́ ebi àti ìyà tó tẹ̀lé e, orí rẹ̀ ló wà, òun náà sì mọ̀. Nígbà tí Arin gbọ́, ìdajì rẹ̀ ló gbọ́. Àwọn òǹkàwé tó ní Kestrel ti burú jù níbi yìí, mo gbọ́ wọn yé. Èmi ní tèmi, bí ó bá jáde nínú ààfin yẹn láìní àbàwọ́n kankan, mi ò ní gba ìtàn náà gbọ́.

Àwọn kan ṣì ń jiyàn bóyá ó tilẹ̀ yẹ ká pè é ní ìtàn idán, níwọ̀n bí kò ti sí idán, kò sí iwin, kò sí àfọ̀ṣẹ nínú rẹ̀, àfi ayé tí òǹkọ̀wé fọwọ́ ara rẹ̀ dá. Ìyẹn ò dí mi lọ́wọ́. Ti èèpo ìwé ló wù mí jù nínú àwọn àríyànjiyàn wọ̀nyẹn. Kí ìwé kẹta tó jáde, ilé-iṣẹ́ tó tẹ̀ ẹ́ gbé èèpo tuntun jáde, níbi tí Kestrel ti dì mọ́ ohun ìjà bí jagunjagun. Àwọn òǹkàwé kọ̀ jálẹ̀ pé àwọn fẹ́ ti ìṣáájú, tó wọ aṣọ ńlá tó ń wọ́lẹ̀, ilé-iṣẹ́ náà sì dá a padà. Inú mi dùn gan-an. Gbogbo ìgbà tí bàbá rẹ̀ ń fẹ́ kó wọṣẹ́ ológun, ìjà ọwọ́ kò fìgbà kan jẹ́ agbára rẹ̀. Orí rẹ̀ ló fi ń jà, aṣọ ńlá yẹn sì ni aṣọ iṣẹ́ amí tirẹ̀.

Ẹ̀hónú kan wà tí mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jà lé lórí: ti àwọn tó ní àwọn ò lè fara mọ́ ìfẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ láàárín ẹrú àti olówó rẹ̀. Òótọ́ ni. Níbi gbànjo ni Kestrel ti ra Arin, orúkọ ìwé kìíní, The Winner's Curse (ègún ẹni tó borí), sì ti ibẹ̀ wá. Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé ló ń sọ ọ́ pé ẹni tó bá borí ní gbànjo sábà máa ń jẹ́ ẹni tó san ju iye tí gbogbo àwọn ìyókù gbà pé ọjà náà tó lọ, tó fi jẹ́ pé bó ṣe borí ló ṣe pàdánù. Àmọ́ ènìyàn ni wọ́n tà níbẹ̀, ìfẹ́ kankan ò sì lè pa ìyẹn rẹ́. Ohun tí mo lè sọ fún ìwé kejì ni pé kò díbọ́n bí ẹni pé ọ̀rọ̀ náà ti tán. Ara Arin kò gbàgbé. Ìdí kan tó fi rọrùn fún un láti gbà pé Kestrel ti dalẹ̀ òun nìyẹn, torí láti kékeré ni àwọn ará Valoria ti kọ́ ọ ní ohun tí wọ́n lè ṣe. Tensen náà sì mọ òtítọ́, kò sọ fún un, títí Arin fi rò pé Risha, ọmọbìnrin Dacra tí wọ́n mú ní ìgbèkùn sí ààfin, ni Àfòpiná. Pẹ̀lú gbogbo èyí, ẹ tún ń bi í pé kí ló dé tí kò fura!

Jẹ́ ká wá dé yàrá dùrù. Mo bẹ̀ ọ́, tún ibẹ̀ kà. Arin wọlé. Ó ti sún mọ́ òtítọ́, ó kù díẹ̀ kó fọwọ́ bà á, ó sì ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ní ṣàkó. Èsì náà wà lẹ́nu Kestrel. Ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ wà ní ìkọ̀kọ̀ lẹ́yìn ògiri níbẹ̀, ó ń gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ, Kestrel nìkan ló sì mọ̀. Àwa Yorùbá ń sọ pé ògiri létí, nínú yàrá yẹn ó létí lóòótọ́. Kestrel wá fi ọ̀rọ̀ gún Arin lọ́kàn, ó fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ó lé e jáde, kí ó má baà kú. Sọ fún mi, ọ̀rẹ́ mi, kí ni ì bá sọ? Gbólóhùn wo lo fẹ́ kí ó sọ níbẹ̀?

Ohun tí mo fẹ́ kí o rò dáadáa nìyí. O ní kí ó sọ òtítọ́. Ó sọ ọ́! Lẹ́yìn tí Arin jáde, ara Kestrel kò gbà á mọ́, ó jókòó, ó kọ lẹ́tà sí i, ó sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Lẹ́tà yẹn ni Balógun Trajan rí. Bàbá tó bí i ló mú un lọ fún ọba. Ìgbà kan ṣoṣo tí ó ṣe ohun tí gbogbo yín ń pariwo pé kó ṣe ni ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, òun ni wọ́n ṣe kó o sínú ọkọ̀ ẹlẹ́wọ̀n lọ sí ilẹ̀ òtútù ní àríwá, tí Arin kò sì mọ nǹkan kan. Rutkoski ti dá ẹjọ́ yìí sílẹ̀ kí ẹ tó pè é. Bí ìbínú kan bá wà nílẹ̀, ọba tó sọ ààfin di ibi tí ènìyàn ò ti lè bá ẹni tó fẹ́ràn sọ̀rọ̀ ni kí ẹ bínú sí.

Mo gbà fún ọ pé ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ falẹ̀ díẹ̀, ijó àti àsè pọ̀ níbẹ̀. Mo sì gbà pé Jess, ọ̀rẹ́ Kestrel, yẹ kó gba ààyè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀rẹ́ tí májèlé àwọn ọlọ̀tẹ̀ Herran fẹ́rẹ̀ẹ́ pa, tó wá mọ̀ pé ọmọ Herran ni Kestrel fẹ́ràn, ìbínú rẹ̀ tó ìwé kan lọ́tọ̀. Nígbà tó kẹ̀yìn sí Kestrel, ìwọ ni mo rò. Ó dùn mí.

Nítorí náà, má fi ìwé kẹta sílẹ̀. Mi ò ní tú àṣírí kankan, àfi pé mo fẹ́ kí o tún bá Roshar, ọmọ ọba Dacra, pàdé, torí mo mọ̀ pé yóò mú ọ rẹ́rìn-ín. Bí o kò bá rí The Winner's Kiss rà lọ́dọ̀ rẹ, kọ̀wé sí mi, màá fi tèmi ránṣẹ́. Mo ti kọ nǹkan sí etí ìwé káàkiri, má bínú. Nínú lẹ́tà rẹ tó ń bọ̀, sọ èrò rẹ nípa Balógun Trajan fún mi. Èmi ò tíì lè dárí jì í, àbúrò mi sì ní kò sí ohun mìíràn tí sójà lè ṣe. Ìwọ ni a fẹ́ kó dá sí i.

Bá mi kí gbogbo ará ilé.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́.