Àbẹ̀kẹ́ mi, má fo àyẹ̀wò yẹn

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Mo gbọ́ fóìsì tó o fi ránṣẹ́ lálẹ́ àná, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbọ́ ọ, ó ti rẹ̀ ẹ́, mo mọ̀ ọ́n lóhùn ẹ. O ní wọ́n ń bi ẹ́ pé kí lo fẹ́ fi odindi bakitéríà ṣe nínú àjẹsára tó ò ń ṣe ní láàbù, nígbà tó jẹ́ pé díẹ̀ lára ẹ̀ ni wọ́n ń yọ fi ṣe àjẹsára báyìí.

Má dá wọn lóhùn. Tí wọ́n bá pa bakitéríà tí wọ́n gbé e lódindi fún ara, gbogbo ojú tó ní pátá lara máa rí, kò ní í ṣì í mọ̀ lọ́jọ́ míì. Bí àjẹsára ikọ́ àwúbì àtijọ́ ṣe rí nìyẹn. Òótọ́ ni pé ó máa ń mú ara ọmọ gbóná, ọwọ́ mi yìí náà ni mo fi ń gún un nígbà tí mo ṣì ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ibi tí abẹ́rẹ́ ti wọ itan á wú á le koko, ìyá ọmọ á wá máa wò mí ṣáá. Ìyẹn ló fà á tí wọ́n fi ṣe èyí tí ò ní odindi bakitéríà nínú, ara ọmọ gbà á ju tàtijọ́ lọ, àmọ́ agbára ẹ̀ tètè ń lọ sílẹ̀. Ṣé o rí i pé iṣẹ́ ṣì wà ńbẹ̀? Ibà yẹn ni kó o bá jà o, má pè é ní nǹkan kékeré, ìyá tó bá fi gbogbo òru gbé ọmọ tó gbóná jó lọ́wọ́ lè má gbé e padà wá gba èkejì.

Ohun tó bà mí lẹ́rù ni ibi tó o ti ní o fẹ́ fo àyẹ̀wò kejì, èyí tó máa fi hàn bóyá bakitéríà yẹn ti kú tán, torí pé àkókò ti lọ. Jọ̀ọ́ ọmọ mi. Calmette àti Guérin, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ará Faransé tó ṣe BCG, àjẹsára ikọ́ fée, láti 1908 dé 1921 ni wọ́n fi ń tún kòkòrò kan náà gbìn, ìgbà 230, kó tó rọ̀ débi tí wọ́n lè fún èèyàn. Nígbà tó di 1930 ní Lübeck ní Jámánì, kòkòrò ikọ́ fée tó ṣì le lọ dà pọ̀ mọ́ ọn nínú láàbù ibẹ̀, wọ́n sì fún àwọn ọmọ tuntun mu, ó lé ní 70 ọmọ tó kú. BCG ò ṣẹ̀, láàbù ló ṣẹ̀.

Gbé àwo àyẹ̀wò yẹn síbi ìmọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, tó o bá rí ẹyọ bakitéríà kan péré tó hù, da gbogbo ẹ̀ nù kó o pè mí, bó jẹ́ òru pàápàá, màá gbé e.

Màmá ẹ