Ẹ ka ọ̀rọ̀ Nzeogwu tán kí ẹ tó dájọ́ rẹ̀

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Ọmọ Yorùbá tí ó ń gbé ní Kàdúná ni mí, níbi tí kì í sí oṣù Kìn-ín-ní kan kí àríyànjiyàn lórí Méjọ̀ Chukwuma Nzeogwu, ọ̀kan lára àwọn ọ̀gá ológun tí wọ́n gbìyànjú láti fipá gba ìjọba Nàìjíríà ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1966, má tún rú sókè. Àwọn kan á ní akọni tí ó fẹ́ gba Nàìjíríà lọ́wọ́ àwọn jẹgúdújẹrá ni. Àwọn mìíràn á ní apànìyàn tí ó fi ọ̀rọ̀ dídùn bo ète ẹ̀yà mọ́lẹ̀ ni. Ohun tí ó ń bí mi nínú ni pé tọ̀tún-tòsì wọn ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ó ti wọ inú ọkùnrin náà lọ wò, bẹ́ẹ̀ ohun tí òun fúnra rẹ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ wà nílẹ̀ tí wọn kò kà tán.

Ìkéde tí ó ṣe lórí rédíò ní Kàdúná níbí ní ọjọ́ 15 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1966 ni mo ń sọ. Kò sí ẹni tí kò mọ ibi tí ó ti pe àwọn tí ń gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀ àti àwọn tí ń béèrè ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ní ọ̀tá. Ibẹ̀ ni wọ́n máa ń fi ránṣẹ́ síra wọn lórí fóònù. Ṣùgbọ́n nínú ìkéde yẹn kan náà ni ó ti to àwọn ẹ̀ṣẹ̀ tí ikú jẹ́ ìjìyà wọn: ìfipábánilòpọ̀ wà níbẹ̀, rìbá àti ìkówójẹ wà níbẹ̀, dídènà ìyípadà tí wọ́n gbé dé wà níbẹ̀, títí kan kí ènìyàn pariwo èké. Ẹni tí ó ṣetán láti pa ènìyàn nítorí ariwo èké kò díbọ́n rárá. Ó gba ara rẹ̀ gbọ́.

Lójú tèmi, òdodo inú Nzeogwu àti líle ọwọ́ rẹ̀ kì í ṣe ìwà méjì tí a lè fi ọ̀kan pa èkejì rẹ́. Ìwà kan ṣoṣo ni. Ẹni tí ó ti dá lójú pé ọwọ́ òun mọ́ kì í rí ìdí tí ó fi yẹ kí òun gbé ẹnikẹ́ni lọ sílé ẹjọ́.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀yà tí wọ́n ń fà kò sì rọrùn bẹ́ẹ̀. Ọmọ Ìgbò ni Nzeogwu, ṣùgbọ́n Kàdúná ni wọ́n bí i sí ní 1937, Kàdúná wà nínú orúkọ rẹ̀, Hausa sì yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Méjọ̀ Adéwálé Adémóyèga, ọmọ Yorùbá, wà lára àwọn tí wọ́n jọ gbìmọ̀. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá ka orúkọ àwọn òkú, láti orí Sardauna Ahmadu Bello, olórí ìjọba Àríwá, àti Balewa, olórí ìjọba Nàìjíríà, dé orí àwọn ọ̀gá ológun ará Àríwá bí Maimalari, Largema àti Pam, tí ó wá rí i pé Unegbe nìkan ni ọ̀gá ológun tí ó jẹ́ Ìgbò láàárín wọn, kò ní í bá àwọn ará Àríwá jà bí wọ́n bá kọ̀ láti gba àlàyé pé kò sí ọ̀rọ̀ ẹ̀yà níbẹ̀.

Àwa Yorùbá gan-an ti gbàgbé tiwa. Inú yàrá ni wọ́n ti yìnbọn pa Bìrìgédíà Samuel Adémúlégún àti Latifat ìyàwó rẹ̀ ní Kàdúná lóru ọjọ́ náà. Wọ́n sì tún pa Kọ́nẹ́ẹ̀lì Ralph Ṣódẹ̀ìndé. Ní ilé Sardauna, tí ó di Arewa House lónìí, tí Nzeogwu fúnra rẹ̀ kó ọmọ ogun lọ, Hafsatu ìyàwó Sardauna bá a kú. Ìdá mẹ́wàá ta ni àwọn obìnrin méjì wọ̀nyí gbà?

Wọ́n máa ń sọ fún mi pé Nzeogwu kì í mu ọtí, kì í mu sìgá, àti pé Olóyè Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ tí ó jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́ kọ ìwé nípa rẹ̀ ní 1987. Mo gbà. Ẹ̀rí ọ̀rẹ́ kò ṣeé kó dànù, ṣùgbọ́n kò lè dípò ẹ̀rí àwọn tí ìbọn bá lórí ibùsùn. Ìjọba Nàìjíríà lábẹ́ Gowon náà sin ín pẹ̀lú ẹ̀yẹ ológun ní Kàdúná ní 1967, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìhà Biafra ni ó kú sí nínú ogun abẹ́lé. Ìwà ọmọlúàbí ni mo ka ìyẹn sí, kì í ṣe ìdáláre.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí yín ni pé, bí oṣù Kìn-ín-ní bá tún dé, kí ẹ tẹ ìkéde náà jáde lódindi ní èdè Yorùbá, láìfo ìlà kan, kí ẹ sì to orúkọ gbogbo àwọn tí ó kú lóru náà sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ti àwọn ìyàwó pẹ̀lú.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Òǹkàwé yín kan ní Kàdúná