Lẹ́tà sí Bàbá Mi Tí Kò Fẹ́ Jókòó Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Fèrèsé

Bàámi,

Ẹ kú ìmúra ìrìn àjò o. Màámi ní ẹ ní kí n pààrọ̀ ìjókòó tí mo mú fún yín nínú bàálù, pé ọmọdé ló ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, pé àgbàlagbà tó ń tọ̀ lóòrèkóòrè kì í há ara rẹ̀ mọ́ kọ̀rọ̀. Mo gbọ́. Àmọ́ mi ò ní pààrọ̀ rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ fi gbogbo ọjọ́ ayé yín kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní jọ́gíráfì, ṣé ẹ ó wá gba orí Sàhárà kọjá lọ́sàn-án gangan, kí ẹ máa wo ìpàkọ́ ẹni tó wà níwájú yín?

Àárọ̀ ni bàálù yín máa gbéra l'Ékòó, ìrọ̀lẹ́ ló máa balẹ̀ sí Heathrow, pápákọ̀ òfurufú London. Nínú oṣù Kẹfà, aago Èkó àti ti London bára mu, oòrùn ibí kì í sì í wọ̀ kí aago mẹ́sàn-án alẹ́ tó lù. Ilẹ̀ ò ní ṣú bá yín lójú ọ̀nà.

Bí ẹ bá gbéra sí ìhà òkun, ọ̀sà àti Third Mainland Bridge á bọ́ sápá òsì, ọ̀tún lẹ sì wà. Ẹ fi í sílẹ̀. Sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ orí afárá yẹn tí ẹ ti jẹ látẹ̀yìn ti tó. Ìkùukùu òjò lè bo ilẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, àmọ́ bó bá là, ní nǹkan bíi wákàtí kan sígbà tí ẹ gbéra, ẹ wo ìsàlẹ̀ dáadáa. Odò Ọya nìyẹn, nítòsí Malanville, níbi tí Benin àti Niger ti pààlà. Òun náà lẹ máa ń yà sára pátákó, tó ṣẹ̀ láti Guinea, tó gòkè dé Timbuktu kó tó ṣẹ́rí wá sọ́dọ̀ wa. (Ọ̀nà òfurufú kì í dúró sójú kan ṣá o. Lọ́dún 2023 tí ìjọba ológun Niger ti ojú òfurufú wọn pa, ńṣe làwọn bàálù ń yí gba ibòmíràn.)

Aṣálẹ̀ ló kàn. Ó lé ní wákàtí méjì tí ẹ ó fi wà lókè rẹ̀, ẹ má sùn níbẹ̀. Ẹ ti kọ́ wa pé iyanrìn nìkan kọ́ ni Sàhárà. Torí ẹgba ọwọ́ yín la ṣe gbà. Àṣé òótọ́ ni. Àpáta dúdú wà níbẹ̀, ipa odò tó ti gbẹ wà níbẹ̀, tó yà yẹ́lẹyẹ̀lẹ bíi gbòǹgbò igi. Tanezrouft ní Algeria wá tẹ́ pẹrẹsẹ, kò sígi, kò sílé. Mo rí títì kan ṣoṣo tó gún régé láàárín aṣálẹ̀ yẹn, mo tẹjú mọ́ ọn títí, mi ò rí ọkọ̀ kankan lórí rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ lè ní kí ẹ pa fèrèsé dé nítorí àwọn tó ń sùn. Ẹ ṣẹ́ díẹ̀ kù nísàlẹ̀.

London ló jẹ́ kí n mú ọ̀tún. Bí ọjọ́ méje nínú mẹ́wàá, ìwọ̀ oòrùn ni atẹ́gùn ti ń fẹ́ ní Heathrow, bẹ́ẹ̀ bàálù máa ń kọjú sí atẹ́gùn ni kó tó balẹ̀. Wọ́n á wá gba orí ìlú wọlé láti ìlà oòrùn, àárín ìlú á sì wà lọ́wọ́ ọ̀tún yín: afárá Tower Bridge, ṣọ́ọ̀ṣì St Paul's, kẹ̀kẹ́ ńlá London Eye, gbogbo rẹ̀ lẹ́bàá odò Thames. Iwájú bàálù ni oòrùn ìrọ̀lẹ́ á wà, kò ní ta yín lójú tààrà. Bí atẹ́gùn bá yí, àwọn ará òsì ló jèrè, ààfin Windsor ni tiwọn.

Ní ti ìtọ̀, ìlà ẹ̀yìn ni mo mú, níbi tí ìdí bàálù ti tín-ín-rín, tó jẹ́ ìjókòó méjì péré ni wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìjókòó K, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ni tiyín, Màámi ló tẹ̀ lé yín, kò sí àlejò tí ẹ ó máa bẹ̀ kó dìde. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ò jìnnà síbẹ̀. Apá bàálù ò ní dí yín lójú. Ooru ẹnu ẹ́ńjìnnì nìkan ló lè mú kí ọ̀kánkán iwájú máa gbọ̀n díẹ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá wá bẹ̀ yín pé ọmọ òun fẹ́ wo ìta, mo mọ̀ yín, ẹ ó fẹ́ dìde. Ẹ má dìde. Ẹ ní kó lọ bá Màámi sọ̀rọ̀.

Ọmọ yín ní London