Ìdí Tí Àyíká Ilé Wa Fi Rí Gbalasa

Placerville, Kalifóníà,
Ọjọ́ 8, oṣù Kẹfà, ọdún 2025.

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé, ẹ sì kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo gbàgbọ́ pé àlàáfíà lẹ wà ní Ìdànrè. Ara tiwa náà le níhìn-ín. Àbúrò mi sọ fún mi pé nígbà tí ẹ rí àwòrán ilé wa tí mo fi ránṣẹ́, ẹ béèrè ohun tí àwọn òdòdó iwájú ilé ṣe mí tí mo fi hú gbogbo wọn dànù, tí ògiri wá wà ní ìhòòhò bí ilé tí wọn kò tíì kọ́ parí. Màmá, kì í ṣe ìmẹ́lẹ́ ló fà á, ìbẹ̀rù iná igbó ni.

Ẹ̀ẹ̀rùn ibí máa ń gbẹ igbó ju bí ọyẹ́ ṣe ń gbẹ ẹ́ lọ́dọ̀ yín lọ, nítorí oṣù mélòó kan lè tẹ̀ léra tí òjò kò ní kán. Ní ọjọ́ 8, oṣù Kọkànlá, ọdún 2018, iná bẹ́ sílẹ̀ ní àríwá wa, ó jó ìlú Paradise fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ènìyàn 85 ló kú, ilé tó sì run lé ní 18,000. Ohun tí n kò mọ̀ kí n tó dé ibí ni pé ọ̀pọ̀ ilé tó ń jó bẹ́ẹ̀, ahọ́n iná gan-an kì í kàn wọ́n. Ẹ̀yín iná wẹ́wẹ́ ni atẹ́gùn ń gbé fò, nígbà mìíràn ju máìlì kan lọ, tí yóò bà sórí ewé gbígbẹ inú gọ́tà òrùlé, tàbí kí ó gba ihò tí atẹ́gùn ń gbà wọ àjà wọlé, tí ilé yóò sì ti inú jó jáde.

Ìdí nìyí tí òfin fi ní kí ẹni tó ń gbé irú agbègbè báyìí tọ́jú àyíká ilé rẹ̀ dé ẹsẹ̀ bàtà 100, bí ilẹ̀ rẹ̀ bá tó bẹ́ẹ̀. Nínú 30 àkọ́kọ́, ewé àti koríko gbígbẹ kò gbọdọ̀ sí, ẹ̀ka igi sì gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ bàtà 10 jìnnà sí ihò èéfín. Lẹ́yìn ìyẹn, koríko lè wà, bí kò bá ti ga ju íǹṣì 4 lọ. Ẹsẹ̀ bàtà 5 tó fara ti ògiri ló ń dá ìjà sílẹ̀. Òfin ọdún 2020 kò fẹ́ ohun tó lè gbiná níbẹ̀ rárá, ṣùgbọ́n wọn kò tíì kọ ìlànà rẹ̀ parí, àwọn onílé tó fẹ́ràn òdòdó sì ń bínú. Èmi kò dúró dè wọ́n. Òkúta wẹ́wẹ́ ni mo dà síbẹ̀.

Ẹ rántí bí Bàbá, kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún wọn, ṣe máa ń ro ẹ̀bá oko kòkó yíká mọ́ tónítóní nígbà ọyẹ́, kí iná àwọn ọdẹ má bàa wọ inú rẹ̀. Ohun kan náà ni, àfi pé níbí, ìjọba máa ń rán ènìyàn wá wò ó. Lóṣù tó kọjá, obìnrin panápaná kan wá. Mo ti gé koríko, mo ń retí ìyìn. Ó gun àkàbà, ó ki ọwọ́ bọ gọ́tà, ó bu ewé gbígbẹ jáde, ó fi àtẹ́lẹwọ́ rún un, ó sì di lẹ́búlẹ́bú bí aáṣáà. Kò sọ nǹkan kan. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ pèpéle onípákó ẹ̀yìn ilé, níbi tí mo to igi ìdáná sí kí òjò má bàa pa á, ó ní kí n kó gbogbo rẹ̀ jìnnà sí ilé ní ẹsẹ̀ bàtà 30. Ọjọ́ méjì ni èmi àti ọmọ-ọmọ yín fi ru igi.

Ó tún fi àwọn ihò àjà hàn mí, ó ní kí n fi àwọ̀n irin tí ojú rẹ̀ kò ju ìdámẹ́jọ íǹṣì lọ bò wọ́n. Ilé tí wọ́n kọ́ sí irú ibí láti ọdún 2008 gbọ́dọ̀ ní ihò tí ẹ̀yín iná kò lè gbà kọjá àti òrùlé tí kì í tètè gbiná, ṣùgbọ́n tiwa ti dàgbà ju òfin yẹn lọ, nítorí náà ìmọ̀ràn ló gbà mí, kì í ṣe àṣẹ. Mo ti ra àwọ̀n náà.

Ní ti ewúro ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ilé ìdáná tí ẹ ní kí n má pa, n kò pa á. Mo hú u tìgbòǹgbò-tìgbòǹgbò, mo tún un gbìn sínú ìkòkò amọ̀ ńlá kan ní ìsàlẹ̀ ọgbà, ó sì ti ń rúwé. Àná ni ìyàwó mi kọ́kọ́ já nínú rẹ̀.

Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé.

Èmi ni ọmọ yín.