Bátìrì Rẹ Kò Jẹ̀bi

Ìpájà, Èkó.
Alẹ́ Sátidé.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Òtútù Kánádà ńkọ́? Ìyàwó ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Tiwa níbí, a dúpẹ́. Òjò ò jẹ́ ká gbádùn, ojú títì Àyọ̀bọ́ ti di odò, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni mo fẹ́ sọ.

Ẹjọ́ ni mo wá rò. O rántí pé mo pè ọ́ lóṣù tó kọjá, tí mo ń bú ọ pé òkú bátìrì lo fi sínú máṣíìnì, ọ̀kadà tí o fi sílẹ̀ fún mi? Mo ní o mọ̀ọ́mọ̀ gbé gbèsè lé mi lọ́wọ́ kí o tó wọ bàálù ni. Jọ̀ọ́, má ka ìyẹn sí. Bátìrì rẹ kò jẹ̀bi. Èmi ni mo jẹ̀bi, èmi àti ọ̀dà.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ rèé. Láago márùn-ún ìdájí, tí mo bá fẹ́ lọ kó búrẹ́dì, mo máa tẹ sítátà, á máa wọ́ bí arúgbó tó ń gun àtẹ̀gùn. Nígbà tó yá, kò wọ́ mọ́. Ó kàn máa dún "kọ̀!" lẹ́ẹ̀kan péré lábẹ́ ìjókòó, ó parí. Bẹ́ẹ̀ fèrè ń ké, iná iwájú ń tàn yòò. Mo wá ń ta kíìkì títí orúnkún mi fi wú. O kúkú mọ̀ pé ìwọ nìkan ni kíìkì yẹn ń gbọ́ràn sí lẹ́nu.

Rẹwáyà kan wò ó láti orí bẹ́ńṣì tó jókòó sí, kò tiẹ̀ dìde. Ó ní bátìrì ti lọ. Mo ra tuntun. Tìrẹ, mo tà á fún ọ̀kan nínú àwọn tó ń ti ọmọlanke kiri, tí wọ́n ń pariwo "kọ́ńdẹ́ẹ̀mù bátìrì!" Ó fún mi ní ₦3,000, inú mi sì ń dùn. Ọjọ́ mẹ́rin ni tuntun náà fi ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ karùn-ún, "kọ̀!"

Rẹwáyà ní ayédèrú ni wọ́n tà fún mi, kí n wá òmíràn. Mo ti ń ka owó lọ́wọ́ kí Bàbá onírédíò tó dá mi dúró. Ṣé o rántí wọn, àwọn tó máa ń gbé gíláàsì kan lé orí èkejì? Wọ́n ní, "Ṣé o ti wọ̀n ọ́n ni?" Wọ́n gbé mítà kékeré kan tí wọ́n fi ń wọn iná jáde, ọjà Aláàbá. Bátìrì ka fólítì 12.7. Wọ́n ní ó yó nìyẹn, pé tó bá wá sílẹ̀ dé 12.0, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ. Wọ́n ní kí n tẹ sítátà, kí n má jáwọ́. "Kọ̀!" Mítà bọ́ sí 12.5, ó dúró síbẹ̀.

Mo ní, "Bàbá, ṣebí ó dáa bẹ́ẹ̀?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní bátìrì tó bá ń yí ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ já wálẹ̀ sí nǹkan bíi 10 tàbí 11, torí iná tí sítátà ń fà pọ̀. Tó bá já wálẹ̀ ju 9.6 lọ la tó lè bá bátìrì wíjọ́. "Ẹni tí ebi ń pa, tó bá gbé ẹrù, orúnkún rẹ̀ á gbọ̀n. Èyí ò tíì gbé ẹrù kankan. Ọ̀nà ló dí."

Wọ́n fi ẹnu mítà kan sí orí nẹ́gẹ́tíìfù bátìrì, wọ́n fi èkejì kan ara ẹ́ńjìnnì níbi tí irin ti hàn. Mo tún tẹ̀ ẹ́. Níbi tí kò ti yẹ kó tó 0.5, ó ka 10.8. Iná tó yẹ kó dé sítátà, ojú ọ̀nà ló ń kú sí.

A tọ wáyà dúdú tó ń dá iná padà sí bátìrì, èyí tí wọ́n ń pè ní ẹ́ẹ̀tì, lọ sí abẹ́ ibi tí bátìrì jókòó sí, níbi tí bọ́ọ̀tù ti dè é mọ́ férémù. Mo tú u. Ọ̀rẹ́ mi, ojú tì mí. Abẹ́ rẹ̀ pupa fòò. Ọ̀dà tí mo fi kun máṣíìnì rẹ lọ́dún tó kọjá nìyẹn, èyí tí o ní ó dà bí ọkọ̀ panápaná! Mo kun ibi tí ẹ́ẹ̀tì ń jókòó sí mọ́ ọn, mo wá de wáyà lé ọ̀dà lórí. Eyín bọ́ọ̀tù nìkan ló ń gbé iná kọjá, nígbà tí òjò sì dé, ìpẹtà gba ìyẹn náà. Fèrè àti iná iwájú ní wáyà tín-ín-rín tiwọn tó padà sí bátìrì, òun ni wọ́n fi ń tàn mí jẹ.

Sáńpépà ló parí ọ̀rọ̀. Mo ha á títí irin fi dán, mo dè é le, mo fi gíríìsì bò ó nítorí omi. Mo tẹ sítátà, gìrìrì! Àwọn adìẹ ìyá onílé fò. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, a tún bátìrì wọ̀n, ó ka 14.1; ẹ́ńjìnnì ń bọ́ ọ padà nìyẹn.

Mo sọ fún rẹwáyà lánàá. Ó ní òun ti fura sí ẹ́ẹ̀tì tẹ́lẹ̀.

Máṣíìnì ń lọ geere, Ìpájà sí Ẹgbẹ́dá. N kì í gbé e wọ Ìkẹjà, o mọ̀ pé láti oṣù kẹfà ọdún 2022 ni wọ́n ti fòfin de ọ̀kadà níbẹ̀. Bátìrì rẹ ló ṣì ń dùn mí. Mo wá ọlọ́mọlanke yẹn títí, n ò rí i.

Tí o bá ń bọ̀ ní Kérésì, má ra bàtà fún mi, mítà ni kí o rà. Bàbá ti ń béèrè tiwọn.

Èmi ni,
Ọlọ́dà pupa.